Orúkọ Kejìdínlógún

Èmi tí mò ń pín lẹ́tà ní èbúté Tolliver,
létí òkun Niufaundilandi, níbi tí ìkùukùu ti ń sùn sórí òrùlé,
mo mọ gbogbo òkúta tó ń sọ̀rọ̀ nílùú yìí.
Òkúta pọ̀ ju èèyàn lọ báyìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo kà wọ́n.

Ìbọn ńlá kan wà lórí òkè, ó kọjú sómi.
Wọ́n kọ ọ́ sára idẹ pé ó dáàbò bo ìlú.
Irọ́ ni. Kò dún rí lọ́jọ́ ayé rẹ̀.
Ẹyẹ òkun ló fẹnu rẹ̀ ṣe ìtẹ́,
ọmọ ẹyẹ mẹ́ta mẹ́ta ló ń yìn síta lọ́dọọdún.

Ìdákọ̀ró tó wà níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ ńkọ́?
Àwọn àlejò a fara tì í ya fọ́tò,
wọ́n a ní, "Áà, ti ọkọ̀ tó rì nìyí!"
N kì í dá wọn lóhùn.
Leander Pardy ló rà á lọ́wọ́ onírin àlòkù
lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́,
àpò ẹja gbígbẹ méjì ló fi san án.
Ọkọ̀ tó rì kò dá nǹkan kan padà.
Òkun kì í fúnni ní ṣẹ́ńjì.

Ṣùgbọ́n òkúta dúdú tó wà níbi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀,
òun gan-an ni mo fẹ́ sọ.
"Ọkọ̀ Clementina. Oṣù Kejì, ọdún 1894.
Ọkùnrin mẹ́tàdínlógún."
Orúkọ wọn tò tẹ̀lé ara wọn bí ẹni ń dúró gba oúnjẹ:
Hiscock, Hiscock, Hiscock, Pardy,
Noseworthy méjì, baba àtọmọ,
títí dé ìsàlẹ̀ níbi tí ewé òkun ti ń hù.

Àwọn àgbà ní méjìdínlógún ni wọ́n.
Ọmọdékùnrin kan wà tó ń se oúnjẹ,
alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ ló gun ọkọ̀,
kò sẹ́ni tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé.
Wọ́n ní ó máa ń súfèé.
Ohun tó kù nípa rẹ̀ ò ju ìyẹn lọ: ìfé.
Orúkọ a máa roni.
Kí ni yóò ro ẹni tí kò lórúkọ?

Drusilla Hiscock, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin,
bí yìnyín bá ti yọ́, a sọ̀ kalẹ̀ wá
pẹ̀lú agolo ọ̀dà funfun tó ṣẹ́ kù lára fèrèsé rẹ̀
àti búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ ti re.
Lábẹ́ orúkọ ìkẹyìn, a kọ ọ̀kan sí i.
Lọ́dún kan, Tobias. Lọ́dún kejì, Esau.
Lẹ́ẹ̀kan tínú bí i sójò, ó kọ "Ọmọ Ẹnìkan."
Ìgbìmọ̀ ìlú kọ̀wé sí i pé kó yé ba ohun ìrántí jẹ́.
Èmi ni mo gbé lẹ́tà náà lọ.
Ó kà á lẹ́nu ọ̀nà, ó yí i padà,
ó kọ ohun tó fẹ́ rà sẹ́yìn rẹ̀:
bọ́tà, ìṣáná, ọ̀dà.

Ọ̀bẹ kì í ge omi kójú àpá hàn.
Ìdí nìyẹn táwa ará etí òkun fi ń gé òkúta.
Síbẹ̀, kí oṣù Kẹwàá tó parí,
òjò àtiyọ̀ á ti lá ọ̀dà náà tán.

Lọ́dún yìí, ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́.
Ó pè mí wọlé, ó na búrọ́ọ̀ṣì sí mi.
Mo ní, "Orúkọ wo ni kí n kọ?"
Ó ní, "Ìwọ tó ń ka orúkọ lára lẹ́tà láti ogójì ọdún,
o ò ní ọ̀kan tí kò rí olówó rẹ̀?"

Mo ní in. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi,
mo bá a níbẹ̀ ni, òǹtẹ̀ rẹ̀ ti parẹ́.

Mo kúnlẹ̀. Òkúta tutù wọ eegun.
Ọwọ́ mi gbọ̀n, ọ̀dà ṣàn sórí Noseworthy ọmọ.
Ẹyẹ òkun kan ń wò mí látẹnu ìbọn.
N kò ní sọ ohun tí mo kọ.
Ẹ tètè wá kà á kójò tó dé.